Ta Ló Mú Yín Débẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Abẹ́òkúta, mo rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, tí kò mọ ọ̀nà ọjà, ni wọ́n ń fi òwe yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi lọ sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ọdún 25 sì wà láàárín ìrìn àjò méjèèjì, ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni òwe náà ń bá wí.

Ìtòsí ìlú Page ni ibi tí mò ń sọ yìí, ní àríwá ìpínlẹ̀ Arizona l'Ámẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ Arizona ti fẹnu ko ti Utah. Aṣálẹ̀ ni. Òkúta pupa ló kún ibẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àfonífojì tó jìn sì là á sí ọ̀nà púpọ̀. Ní 1998 tí a kọ́kọ́ lọ, hòtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú kan létí títì la sùn, èyí tí ariwo mọ́tò akẹ́rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dijú níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023 tí a padà lọ, ilé ìtura àwọn olówó la wọ̀ sí nínú aṣálẹ̀. Owó alẹ́ kan níbẹ̀ ju owó ilé oṣù kan tí mò ń san ní 1998 lọ fíìfíì. Àwọn ìbejì wa ló dáwó jọ, wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún tí a fẹ́ra wa kì í ṣe ọjọ́ kan.

Àwọn kan a máa ṣe àríwísí ìwé, àwọn kan a máa ṣe ti eré orí ìtàgé. Lónìí, ilé kan àti ilẹ̀ kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ohun tí ilé náà fi hàn wá àti ohun tí kò fi hàn wá. N ò ní dárúkọ ilé ìtura náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe irú èyí, kò sì ṣẹ̀ mí. Kódà, wọ́n tọ́jú wa bí ọba àti olorì.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Ní 1998, ìlú Phoenix là ń gbé. Ìyá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, èmi ń wa mọ́tò akẹ́rù. Owó kò sí, ṣùgbọ́n ara wà. A gbé àwọn ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kan tí òun náà jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, a ki mọ́tò àlòkù wa mọ́lẹ̀, ó di àríwá. Ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò náà ti kú tipẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ oòrùn aṣálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yan wá bí àgbàdo.

Pàlàpálá àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Antelope Canyon la fẹ́ rí. Lórí ilẹ̀ àwọn Navajo ló wà, àwọn tó jẹ́ pé Diné ni wọ́n ń pe ara wọn, àwọn ni wọ́n sì ń fi àlejò mọ̀nà níbẹ̀. Méjì ni pàlàpálá náà, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti òkè la lọ. Ọkùnrin Navajo kan ló fi píkọ́ọ̀pù gbé wa gba inú iyanrìn kọjá, tí mọ́tò ń fò sókè sódò, tí Ìyá Ìbejì di apá mi mú pinpin. Nígbà tí a wọlé, ariwo tán lẹ́nu gbogbo wa. Iyanrìn ayé àtijọ́ ló di òkúta níbẹ̀, ó lé ní 180 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Omi ló wá gbẹ́ ẹ, tó fọ̀ ọ́, tó tẹ̀ ẹ́ kọrọ kọrọ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ní ọ̀sán gangan, ìtànṣán oòrùn kan já wálẹ̀ láti òkè, ó gún ilẹ̀. Ọkùnrin tó mú wa wá bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn, ó dà á sókè, ìmọ́lẹ̀ náà sì dúró gbọnrangandan lójú wa bí òpó ààfin. Gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò.

Lẹ́yìn náà ló nàka sí òkè orí wa. Ìtì igi gbígbẹ kan há sáàárín òkúta méjì lókè téńté, níbi tí àkàbà kò lè dé. Ó ní omi ló gbé e débẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1997, ọdún kan péré ṣáájú kí a tó wá, àwọn èèyàn 12 wà nínú pàlàpálá ti ìsàlẹ̀ nígbà tí àgbàrá dé. Òjò kò rọ̀ síbi tí wọ́n wà. Ibi tó jìnnà ló ti rọ̀, omi sì wá bá wọn láìkìlọ̀. Ẹni kan ló yè. Àwọn 11 bá omi lọ.

Mo gbọ́ gbogbo èyí pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Síbẹ̀, nígbà tí a padà dé Phoenix, tí mo kọ ìwé sí bàbá mi l'Abẹ́òkúta, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ: pé mo ti dé aṣálẹ̀ kan tó jẹ́ òfìfo, tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan níbẹ̀, àfi òkúta àti ìmọ́lẹ̀. Mo ki fọ́tò mẹ́ta bọ inú àpò ìwé. Mo rò pé mo ti kọ gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ nílé ìwé sí Yorùbá tó dùn.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá mi kì wá, ó ṣàdúrà fún wa, ó béèrè àwọn ọmọ. Ní ìparí ló wá kọ ọ́ pé: "Mo rí fọ́tò yín, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀dá alààyè kankan níbẹ̀, ta ló mú yín débẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ju ìwé náà sínú àpótí. Ó sùn síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé abẹ́ òkúta ni wọ́n bí bàbá mi sí. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ń pìtàn Olúmọ kó má pìtàn àwọn tó sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà ogun, kí wọ́n tó tẹ ìlú dó ní nǹkan bí 1830. Orúkọ ìlú wa gan-an ni ìtàn náà. Òkúta lásán kò sí létí bàbá mi. Bí o bá sọ fún un pé o rí òkúta, yóò bi ọ́ pé òkúta ta ni.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sí 2023. Nígbà yẹn, pàlàpálá tiwa ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní 2014, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Peter Lik kéde pé ẹnìkan ti ra fọ́tò ìtànṣán kan tí òun yà níbẹ̀ ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Eruku tó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ náà rí bí iwin, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní orúkọ iwin. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́. Àṣé ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn a máa pa owó tó bẹ́ẹ̀!

Ilé ìtura náà ńkọ́? Kí n má purọ́, ọ̀gá ni ẹni tó ya àwòrán rẹ̀. Ilé náà kò ga. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi iyanrìn pò ni wọ́n fi mọ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti àpáta mu tó fi jẹ́ pé bí oòrùn bá ń wọ̀, o kò ní mọ ibi tí ògiri parí sí àti ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbé àwòrán kankan kọ́ sára ògiri. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Fèrèsé ti ilẹ̀ dé àjà, òkúta pupa sì ni àwòrán tó wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀bá àpáta ńlá kan ni wọ́n gbẹ́ adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ sí, omi rẹ̀ tutù minimini, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Púpọ̀ nínú ilé àwọn olówó ni mo ti rí tí wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ wò mí, ẹ wò mí!" Ilé yìí kò pariwo. Ó tẹrí ba fún òkúta. Nínú iṣẹ́ ọnà, ohun tó ṣòro ni kí oníṣẹ́ mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́, ilé yìí sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì sùn fún wákàtí mẹ́sàn-án ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Láti 2020, n kò rí i kó sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi ni n kò sùn. Mo jí ní ìdájí, mo jókòó ti fèrèsé, mo mú ìwé pélébé kan tó wà lórí tábìlì. Wọ́n ń yin ibẹ̀ nínú rẹ̀ fún òfìfo rẹ̀, fún ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀, fún bí kò ṣe sí ohunkóhun tó lè dí ojú lọ́wọ́. Ara mi ṣe gìrì. Ọ̀rọ̀ mi nìyí! Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí bàbá mi ní 1998 ló jókòó síbẹ̀ lórí bébà dáradára. Ni mo bá gbójú sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo fèrèsé náà bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọnà, tó fẹ́ mọ ohun tí oníṣẹ́ gé dànù.

Gbogbo fèrèsé ilé náà ló kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò hàn. O kò rí títì. O kò rí òpó iná. O kò rí ilé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé wọn kò sí o. Wọ́n kàn yí ojú ilé kúrò lọ́dọ̀ wọn ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wa mọ́tò lọ sí Page. Kí a tó débẹ̀, píkọ́ọ̀pù kan kọjá lára wa, táǹkì omi ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rọra lọ nítorí pé ẹrù náà wúwo. Kò pẹ́, òmíràn kọjá. Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ rí i? Omi ni wọ́n ń gbé lọ sílé." Ó mọ̀ ju mí lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà ní 2020, ó wà nílé ìwòsàn lóru ní Houston tí a ti kó lọ, ó sì ń ka gbogbo ìròyìn tó bá rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà tí wọ́n bá fi iye èèyàn pín iye aláìsàn, àwọn Navajo ti kọjá ìpínlẹ̀ New York. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń dá ni pé nǹkan bí 30 nínú 100 ilé lórí ilẹ̀ Navajo ni kò ní ẹ̀rọ omi. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ kan tó dé láti ibi iṣẹ́, tí kò tíì bọ́ bàtà, tó ní, "A ní kí gbogbo ayé máa fọwọ́. Omi wo ni kí àwọn yẹn fi fọ̀ ọ́?"

Omi kò sì jìnnà sí wọn. Ẹ̀gbẹ́ Page ni dáàmù Glen Canyon wà. Ní 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1957 wọ́n dá ìlú Page sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, lórí ilẹ̀ tí ìjọba fi ilẹ̀ ibòmíràn pààrọ̀ lọ́wọ́ àwọn Navajo. Ní 1963 wọ́n sé odò Colorado. Ọdún 17 gbáko ni adágún tí wọ́n ń pè ní Lake Powell fi ń kún kó tó kún dé ẹnu ní 1980, àfonífojì tó lẹ́wà bí èyí tí mò ń sọ sì rì sábẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, omi náà ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tó ìdá kan nínú mẹ́rin. A rí ibi tó ti fà kúrò: àmì funfun gbàràmù lára òkúta pupa, bí àmì omi lára àmù tí wọn kò fọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti wòkè, tí mo ní, "Ìyá Ìbejì, ibo ni àwọn símínì mẹ́ta yẹn wà?" Ní 1998, símínì mẹ́ta gíga ló dúró lẹ́yìn Page, tí èéfín ń jáde lórí wọn. Mo rántí pé mo bínú sí wọn nígbà náà pé wọ́n ń ba fọ́tò mi jẹ́, mo sì yí kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Navajo Generating Station. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974, wọ́n tì í pa ní 2019, wọ́n sì wó àwọn símínì náà lulẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020. Èédú tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ àwọn Navajo àti Hopi ló ń jó. Kí ni iná rẹ̀ ń ṣe? Apá ńlá nínú rẹ̀ ló ń fa omi odò Colorado gba aṣálẹ̀ kọjá, tó ń tì í gòkè, títí yóò fi dé Tucson àti Phoenix.

Phoenix, ẹ̀yin èèyàn mi! Níbi tí mo ti ń ṣí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, tí mo ń fọ mọ́tò àlòkù mi, tí mo ń wẹ àwọn ìbejì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Apá kan nínú omi tí mò ń dà nù nìyẹn. Mo wá wo ibi tí èédú ti ń di omi fún mi, mo yí kámẹ́rà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọ ìwé sílé pé òfìfo ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dúró létí adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́, mo ń wàásù. Mo ní ní oṣù kẹfà ọdún yìí kan náà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ l'Ámẹ́ríkà dájọ́, adájọ́ 5 sí 4, pé àdéhùn 1868 kò fi dandan lé ìjọba lórí láti wá omi fún àwọn Navajo. Mo ní àwa wá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú aṣálẹ̀. Ìyá Ìbejì wà nínú omi. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní:

"Bàbá Ìbejì, bí mo bá jáde nínú omi yìí nísinsìnyí, ṣé ó máa dé inú táǹkì wọn?"

Mo ní rárá.

"Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ òru. Ilé yìí ní kí n wá sùn, mo sì sùn. Kò purọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó kọ́ yín ní ìtàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni pé ìsinmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ojú òkú dé lóru. Òótọ́ sì ni pé ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ilé kan, tó jẹun ibẹ̀ yó, tó wá dìde tó ń bú ilé náà, ó yẹ kó wẹ̀yìn wò. Síbẹ̀, n kò lè gbà tán. Ilé tó yan ohun tí ojú rẹ yóò rí ti bá ọ yan ohun tí wàá gbàgbé. Èyí kì í ṣe irọ́ ẹnu, ṣùgbọ́n ó jọ irọ́ tí èmi náà fi kámẹ́rà pa.

Ní ọjọ́ kẹta, a lọ sí pàlàpálá ti ìsàlẹ̀, níbi tí èèyàn 11 kú sí. Ọmọbìnrin Navajo kan ló mú wa lọ, kò lè ju ọmọ wa lọ. Ṣáájú kí a tó sọ̀kalẹ̀, ó fi àkàbà irin hàn wá, èyí tí wọ́n kàn mọ́ òkúta lẹ́yìn àgbàrá 1997, àti àwọ̀n tí wọ́n ń jù sílẹ̀ láti òkè kí èèyàn lè dì í mú bí omi bá dé. Ó sọ orúkọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń pe ti òkè: Tsé bighánílíní, ibi tí omi ti ń gba inú òkúta kọjá. Ẹ wò ó! Orúkọ náà ti kìlọ̀ fún gbogbo àlejò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ó ní ìyá ìyá òun da àgùntàn kiri lórí ilẹ̀ tí a dúró sí.

A sọ̀kalẹ̀. Àkàbà irin wà lójú wa ní gbogbo ìgbà, àwọn èèyàn sì pọ̀ bí ọjà Ìtòkú. Ṣé ẹwà ibẹ̀ wá dín kù? Rárá o. Ó pọ̀ sí i lójú tèmi. Ibi tí mo bá ti rí òkúta tó tẹ̀ kọrọ, mo mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo bá ti fọwọ́ di irin mú, mo mọ ohun tó mú un débẹ̀. Ìyá Ìbejì dúró lábẹ́ àkàbà kan, ó ka àtẹ̀gùn rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n fún òun lówó dọ́là tó wà lápò mi, ó sì lọ fi lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

Ìdájọ́ mi lórí ilé ìtura náà nìyí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, n kò ní kí wọ́n wó bíríkì kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà tó bu ọlá fún òkúta, tí kò bu ọlá fún onílẹ̀, kò tíì parí. Fèrèsé kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, kí ó kọjú sí títì tí píkọ́ọ̀pù ń gbé omi gbà. Kò ní dí oorun ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ọwọ́ yín bá tó irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹ lọ, ẹ sinmi, ẹ jayé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òfìfo ni ibi kan, ẹ bi í pé ta ló mú òun débẹ̀.

Bàbá mi ti wọ káà ilẹ̀ láti 2006. N kò fún un lésì ìbéèrè rẹ̀ títí tó fi lọ. Èsì náà nìyí, bó tilẹ̀ pẹ́.

Mo ka ohun tí mo kọ yìí fún Ìyá Ìbejì kí n tó fi ránṣẹ́. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo sùn dáadáa."

Mo ti kọ ọ́.